Sálámà Inú Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì pa fóònù yẹn. Ẹ gbé e sórí àga, kí ẹ jókòó sórí ẹní yìí, kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ti fi mí rẹ́rìn-ín tó. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ẹ ti ń sọ ọ́ kiri àdúgbò Basin yìí pé fóònù sálámà, Ìyá Àgbà sì dá fóònù lóhùn. Ràmátù tilẹ̀ ń sín mi jẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́, ó ní, "Wa aléékúmù saláàmù, olówó orí mi." N kò pe ẹnikẹ́ni ní olówó orí mi o. Ẹ má pa irọ́ mọ́ mi. Sálámà ni mo dáhùn, bí ẹ bá sì tún tẹ̀ ẹ́ lónìí, màá tún un dáhùn.

Orin tí ẹ ń jó yẹn, tí ẹ ní ẹnìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hú u jáde nínú páálí àtijọ́ tó gbé e sórí fóònù, tí gbogbo ọmọ yunifásítì wá ń ya fídíò rẹ̀ kiri, mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ìyá yín. Mo mọ ibi tí jìtá ti máa bú. Mo mọ ibi tí obìnrin yẹn ti máa dá wákà sí i. Ibi tí ìlù ti máa ń dákẹ́ díẹ̀, tí ẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè tí ẹ ó fì í, kí ẹ tó jù ú sílẹ̀, ṣé ẹ mọ ohun tó fà á? Ẹ ò mọ̀. Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ dá ijó náà sílẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú fún yín yìí, ẹ fara balẹ̀.

Agboolé wa kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, àwọn tó ń ta ike àti páànù ni ẹ ó bá, kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè sí yín nídìí. Nígbà tiwa, ohùn òfì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Bí wọ́n bá ti kírun àsúbáà tán, tí ilẹ̀ mọ́ kedere, àwọn ọkùnrin agboolé á bọ́ sídìí òfì, òwú á nà gbọọrọ lórí ilẹ̀ bí ọ̀nà àwọn èèrà, ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ju òwú á máa sáré láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, ẹsẹ̀ wọn á sì máa tẹ igi méjì tó wà nísàlẹ̀, èyí tí à ń pè ní ìtẹsẹ̀. Gbà-kẹ́, gbà-kẹ́, gbà-kẹ́. Lábẹ́ igi dóńgóyárò ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn ọmọ iléekéwú á gbé wàláà lé itan, wọ́n á máa ké. Eruku á máa fò nínú oòrùn àárọ̀. Nígbà mìíràn tí mo bá ń sùn lọ́sàn-án báyìí, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ, màá sì rò pé Ìyá mi ló máa pè mí pé kí n wá gbé omi.

Àáfáà ni Bàbá mi, wọ́n sì tún ń hunṣọ. Wọ́n ń ṣe méjèèjì pọ̀ ni. Ọwọ́ wọn wà lára òwú, etí wọn wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéwú. Bí ọmọ kan bá ṣi àáyá Kùráánì kan kà, wọn ò ní gbójú sókè, wọn ò ní bínú, wọ́n á kàn dá òfì dúró. Gbogbo agboolé á dákẹ́. Ọmọ náà á wá àṣìṣe rẹ̀ títí, yóò tún un kà, òfì á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ìdákẹ́ yẹn ń dẹ́rù bà wá ju pàṣán lọ. Kò sí ohun tí Bàbá mi fẹ́ sọ tí wọn ò lè fi òfì sọ.

Òfì yẹn ní àléébù kan. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan ló já wọlé lọ́jọ́ kan, ó ti jẹ fìlà Bàbá Sàká, àgbà kan nínú agboolé wa, wọ́n ń lé e, ó bẹ́ lu ìtẹsẹ̀ ọ̀tún, igi náà sì sán. Bàbá mi fi okùn dì í. Nítorí okùn yẹn, kì í tètè gbéra bó bá ti lọlẹ̀. Òfì àwọn yòókù ń lọ gbà-kẹ́, gbà-kẹ́. Ti Bàbá mi á lọ gbà-kẹ́, gbà-kẹ́, gbà, á wá dúró díẹ̀, kó tó wá sọ pé kẹ́. Mo lè wà láàárín ọjà níbi tí mo ti ń ra ata, kí n sì mọ̀ pé Bàbá mi ṣì wà nídìí òfì. Àwọn èèyàn sọ fún wọn títí pé kí wọ́n gbẹ́ igi mìíràn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà, Sùlé lorúkọ rẹ̀. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, a jọ ń jà ni, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó". Ẹ̀gbẹ́ Bàbá mi gan-an ni òfì tirẹ̀ wà. Aláwàdà ọmọ ni. Kò sí ohun tí Sùlé ò lè fi ṣe orin. Tí Ìyá mi bá ń gún nǹkan lódó, á máa dá sí i láti ìdí òfì. Tí Bàbá Sàká bá sín, tí wọ́n ní alahamudulilááì, á gba ohùn wọn, á fi kọrin, títí àwọn fúnra wọn á fi gbàgbé ìbínú. Bàbá mi a máa gbọ́, wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n rò pé eré ọmọdé ni, pé bí irùngbọ̀n bá ti yọ, á lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni Táíwò Road. Ọkùnrin ará Ọ̀mù-Àrán kan ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù síbẹ̀, ọmọ ìjọ ni, èèyàn pẹ̀lẹ́. Bọ̀dá Onírẹ́kọ́ọ̀dù là ń pè wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fi orin sápò, ẹ fi nǹkan dí etí, kálukú ń gbọ́ tirẹ̀ bí ẹni tó ń jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà yẹn, ìta gbangba la ti ń gbọ́ orin. Ẹ ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin tí ẹ ò mọra rí. Bọ̀dá á yọ rẹ́kọ́ọ̀dù nínú páálí, wọ́n á fi inú agbádá nù ún, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ lé e. Á kọ́kọ́ ta ṣà-ṣà-ṣà. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á mí sínú. Ìṣẹ́jú yẹn, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, òun ló dùn jù lójú tèmi.

Pẹpẹ kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Wákà wà níbẹ̀, dàdàkúàdà wà níbẹ̀, orin ìjọ, wáàsí àwọn àáfáà, rọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó onírun gígùn. Wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn, kò sẹ́ni tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọjọ́ kan ni Sùlé fi ọwọ́ gbá mi lápá, ó ní, "Àbúrò, bí gbogbo àwọn yìí bá lè jókòó lórí pẹpẹ kan, kí ló dé tí wọn ò fi lè jókòó nínú orin kan?" Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, kó jẹ́ ká tètè délé. Mo rò pé àwàdà rẹ̀ ni.

Kì í ṣe àwàdà. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá mi ń wá òwú, wọ́n tú ẹrù tó wà lẹ́yìn òfì Sùlé, wọ́n sì bá jìtá níbẹ̀, ó fi aṣọ òfì wé e bí ọmọ tuntun. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé e síta, wọ́n gbé e lé iwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Kí nìyí?"

Sùlé dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, jìtá ni."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ má bínú sí mi. Ohùn òfì yín ni mò ń gbọ́ nínú ẹ̀."

Bí ó bá sọ nǹkan mìíràn, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ àáfáà fi òfì tí wọ́n fi ń jẹ halálì wé ohun tí wọ́n ń ta nílé ọtí! Bàbá mi ní kó mú un, jìtá tàbí ilé. Sùlé sunkún, ó wo Ìyá mi, ó wo èmi, ó sì gbé jìtá. Ìgbà náà ni Bàbá mi búra. Wọ́n ní, "Wàláhì, bí o bá dúró ní ẹnu ọ̀nà yìí tí o sálámà, mi ò ní dá ọ lóhùn láyé mi." Ẹyin lohùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tẹ́nì kan bá sálámà síni, dandan ni kéèyàn dáhùn. Kí bàbá ní òun ò ní dáhùn sálámà ọmọ òun, ó ti pa ọmọ náà lójú ara rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Sùlé gba Kàdúná lọ.

Ọdún méjì gbáko ni a ò fi dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa. Òfì rẹ̀ wà níbẹ̀, aláǹtakùn ń hun tirẹ̀ sí i lára. Ìyá mi á máa bu oúnjẹ, ọwọ́ wọn á ṣèèṣì mú àwo rẹ̀, wọ́n á dá a padà. A kì í lé ọmọ burúkú fún ẹkùn pa jẹ, gbogbo agboolé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́ fún àáfáà tó ń kọ́ gbogbo wa?

Mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ lọ́jọ́ tí Bọ̀dá Onírẹ́kọ́ọ̀dù pè mí mọ́ra ní Táíwò Road. Wọ́n ní, "Nǹkan dé fún ẹ láti Kàdúná." Rẹ́kọ́ọ̀dù ni. Wọ́n kọ "Ẹ̀rín Ẹsẹ̀" sára páálí rẹ̀. Lára bébà roboto tó wà láàárín rẹ́kọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ànjẹ̀mí ni wọ́n fi kọ ọ́, Yorùbá tí wọ́n fi háráfì Lárúbáwá kọ, bí a ṣe ń kọ ọ́ ní iléekéwú. Mo mọ ìkọ̀wé náà. Ìdí ẹsẹ̀ Bàbá mi ni èmi àti Sùlé jọ jókòó sí kọ́ ọ.

Bọ̀dá gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ṣà-ṣà-ṣà. Ohùn Sùlé wá jáde, ó ní, "Asaláàmù aléékúmù." Kò sí orin, kò sí ìlù. Ó dákẹ́ tó bí ìgbà téèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo ara wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ kúkú má jókòó." Jìtá sì bú.

Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ bí a ṣe gbọ́ ọ nígbà yẹn? Jìtá ń sáré bí ẹṣin ọjọ́ Iléyá. Àwọn obìnrin dá wákà sí i, wọ́n ń dáhùn bí ẹni tó wà níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹnìkan ń fi dàdàkúàdà bú ewúrẹ́ kan tó jẹ fìlà alájì, ẹlòmíràn sín láàárín orin, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ní "alahamudulilááì" pẹ̀lú jìtá. Odó wà níbẹ̀. Ọmọ kéwú wà níbẹ̀. Ohun tó bá ojú ló bá imú, kò sí èyí tó ń tì èkejì. Àwàdà ni látòkèdélẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ìlù wà: gbà-kẹ́, gbà-kẹ́, gbà... kẹ́.

Òfì Bàbá mi ni. Ìtẹsẹ̀ tó sán ni. Sùlé ti gbé okùn yẹn lọ sí Kàdúná. Gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń jó, ẹsẹ̀ wọn dúró sókè níbi tí ẹsẹ̀ Bàbá mi ti máa ń dúró, wọn ò sì mọ̀. Mo jó, mo sunkún, Bọ̀dá fún mi ní omi mu. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo ti gbọ́ òwe yẹn títí, ọjọ́ yẹn ni mo rí i.

Níbo ni n ó wá tọ́jú rẹ́kọ́ọ̀dù sí nílé àáfáà? Mo rò ó títí. A ní rẹ́kọ́ọ̀dù wáàsí mélòó kan nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò ní ẹ̀rọ. Bàbá Sàká ló ní ẹ̀rọ, à ń gbé tiwa lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo yọ wáàsí kan kúrò nínú páálí rẹ̀, mo fi Ẹ̀rín Ẹsẹ̀ síbẹ̀, mo fi wáàsí pamọ́ sábẹ́ àpótí Ìyá mi. Ọgbọ́n orí mi wú mi lórí gan-an ni. Ta ló máa wá orin ijó nínú páálí wáàsí?

Kò sẹ́ni tó wá a lóòótọ́. Wáàsí ni wọ́n wá.

Ọjọ́ wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéwú ni. Àwọn ọmọ méje ló parí Kùráánì lọ́dún náà, wọ́n wé láwàní, wọ́n lé tìróò. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà pẹ̀lú àwọn obìnrin, à ń dín mọ́sà, èéfín ń ta wá lójú. Àwọn àáfáà àgbà tí à ń retí kò tíì dé, àwọn èèyàn ti kún àgbàlá, oòrùn ti ń mú. Ni Bàbá mi bá ní kí Bàbá Sàká gbé ẹ̀rọ wá, kí wọ́n fi wáàsí dá àwọn èèyàn dúró. Wọ́n gbé ẹ̀rọ síta, wọ́n so gbohùngbohùn mọ́ igi dóńgóyárò. Bàbá Sàká sì fa páálí kan yọ nínú èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹ gbọ́, Bàbá Sàká ò lè ka ABD, ṣùgbọ́n wọ́n lè ka Lárúbáwá bí ẹni mumi. Ká ní ABD ni wọ́n fi kọ ọ́, wọn ì bá pe ẹni tó mọ̀wé kó wò ó. Wọ́n wá rí háráfì lára rẹ́kọ́ọ̀dù, wọn ò sì mú awò ojú wá. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an ni "Ẹ̀rín Ẹsẹ̀: ẹni tí kò bá lè jó kó pàtẹ́wọ́." Háráfì ni Bàbá Sàká rí. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, wọ́n ní bísímílá, wọ́n fi kan iwájú orí wọn. Èmi ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ mi, kí n tó lè sáré débẹ̀, abẹ́rẹ́ ti balẹ̀.

Ṣà-ṣà-ṣà.

"Asaláàmù aléékúmù."

Gbogbo àgbàlá dáhùn pọ̀, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ kéwú: "Wa aléékúmù saláàmù." Ohùn Bàbá mi ló ròkè jù, wọ́n tún fi wàráhàmótúláì wàbàrákátù kún un, bó ṣe yẹ kí àáfáà dáhùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú wọn. Wọ́n mọ ohùn náà. Ìyá mi, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ju ṣíbí sínú epo.

"Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó." Àwọn èèyàn jókòó. "Ẹ kúkú má jókòó."

Nígbà tí jìtá bú, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí dóńgóyárò. Àwọn kan ń ké àúsùbíláì, àwọn ọmọ tó wé láwàní bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, Bàbá Sàká ń yí bọ́tìnnì tí kò yẹ kí wọ́n yí, orin tún ń pariwo sí i. Àáfáà kan dìde láti lọ gbá abẹ́rẹ́ dànù. Bàbá mi na ọwọ́. Wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó sálámà sí wa, tí a sì ti dá a lóhùn, ẹ jẹ́ ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Wọ́n jókòó. Gbogbo èèyàn jókòó. Wọ́n gbọ́ ojú kìíní rẹ́kọ́ọ̀dù náà tán pátá, orin ewúrẹ́, orin ẹni tó sín, gbogbo rẹ̀. Wọ́n tẹrí ba, ẹ ó rò pé wọ́n ń gbọ́ wáàsí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi dúró níbi tí mo ti ń rí ìsàlẹ̀ agbádá wọn. Nígbà tí ìlù òfì bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn tẹ ilẹ̀. Ó dúró. Ó gbéra. Ó tẹ ilẹ̀, ó dúró, ó gbéra, bẹ́ẹ̀ títí orin fi parí. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kúrò, kí àwọn ọmọ jáde wá kéwú.

Wọn ò bi mí léèrè nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń retí ìyà mi. Mo ti gbà pé wọ́n á lé èmi náà. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n pe Ìyá mi síwájú òfì. Wọ́n ní, "Mo búra pé mi ò ní dá ọmọ yẹn lóhùn. Mo sì ti dá a lóhùn lójú gbogbo ayé. Kàfárà ti dé sí mi lọ́rùn." Kàfárà ni ohun téèyàn máa ń ṣe bó bá da ìbúra: á bọ́ mẹ́kùnnù mẹ́wàá. "Jímọ̀ yìí, se tùwó pẹ̀lú gbẹ̀gìrì. Bu àwo mọ́kànlá."

Ìyá mi ní, "Àáfáà, mẹ́wàá ni kàfárà."

"Mo mọ̀ pé mẹ́wàá ni. Ìkọkànlá, bò ó pamọ́ fún ẹni tó sálámà sí wa."

Ìyá mi kò lè dìde. Èmi ni mo gbé wọn dìde. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo sáré lọ sí Táíwò Road kí Bọ̀dá lè bá mi ránṣẹ́ sí Kàdúná. Ìwé kékeré ni mo kọ: "Oúnjẹ rẹ wà nílé." Láti Jímọ̀ yẹn, gbogbo Jímọ̀ ni Ìyá mi ń bu àwo kan, wọ́n á fi igbá dé e, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì Sùlé. Tó bá di àsárì tí ẹnikẹ́ni ò wá, wọ́n á gbé e fún ọmọ aládùúgbò. Bàbá mi á wo àwo náà, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa hunṣọ wọn lọ. Mo ń bẹ̀rù. Mo rò pé bóyá ìwé ò dé, bóyá ó dé, ọkàn Sùlé ò sì rọ̀ mọ́.

Jímọ̀ kẹfà, àwọn èèyàn ti dé láti mọ́ṣáláṣí, agboolé dákẹ́ rọ́rọ́, òfì Bàbá mi nìkan ló ń ké. Ẹnìkan dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó ti rù. Kò gbé jìtá dání. Ó ní, "Asaláàmù aléékúmù."

Bàbá mi dá òfì dúró.

Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ìdákẹ́ yẹn. Ẹni tó wà ní ẹnu ọ̀nà náà mọ̀ ọ́n, ó ti bá a dàgbà. Ìgbà téèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹta ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Wa aléékúmù saláàmù," ni Bàbá mi wí. Wọn ò gbójú sókè. "Wá jẹun. Oúnjẹ ẹ ti ń tutù láti ọjọ́ yìí."

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbá a léjìká lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó jókòó ti àwo. Omijé ń kán sínú gbẹ̀gìrì, ó ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ jìtá. Nígbà tó jẹun tán tó fọwọ́, ojú rẹ̀ lọ sí ìdí òfì Bàbá mi, ó rí okùn àtijọ́ yẹn lára igi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n gbẹ́ ìtẹsẹ̀ tuntun fún yín."

Bàbá mi ní, "Fi í sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí àwọn èèyàn máa ṣi ijó jó ni?"

Ẹ̀yin ọmọ, n kò gbọ́ kí Bàbá mi dápàárá rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ìyá mi ki ẹnu bọ inú ìborùn, èjìká wọn ń gbọ̀n, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Sùlé padà sí Kàdúná, ó tún wá, ó lọ, ó ń wá bẹ́ẹ̀ títí tí Bàbá mi fi kú. Òun ló gbé ẹsẹ̀ wọn sínú sàréè.

Sùlé náà ti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Òfì ti kúrò nínú agboolé wa, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù tèmi fọ́ nígbà tí a ń kó lọ sí ilé yìí. Mo ti gbà pé n kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí n ó fi bá a lọ́hùn-ún. Láná, mò ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní, n kò ro nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi sì sálámà láti orí àga. Ó dákẹ́, ó ń dúró, bó ṣe máa ń dúró. Ẹ̀yin ò dáhùn, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n wá fi í sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà?

Ràmátù, má sunkún mọ́, n kò bá ọ jà. Ó yá, tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tíì gbẹ́sẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá a lóhùn.